Ẹ Má Gé Wáyà Ilẹ̀ Nítorí Ariwo

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ yìí kan gbogbo ilé tí ó ní amplifáyà, rédíò ńlá, tàbí tẹlifíṣọ̀n tí a so mọ́ sípíkà. Ṣé ẹ mọ ariwo kan tí í máa kùn bí oyin nínú sípíkà, ìbáà jẹ́ pé orin ń lọ lọ́wọ́ tàbí pé kò lọ? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń ṣe. Àwọn mìíràn a yí ohùn sókè kí orin lè bo ariwo mọ́lẹ̀. Àwọn kan a sì pe oníṣẹ́ tí yóò gé wáyà kan dànù, ilé yóò sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn ìkẹyìn yìí ni ọ̀rọ̀ wa kàn jù, nítorí wáyà tí wọ́n ń gé yẹn ni ó ń ṣọ́ ẹ̀mí àwọn ará ilé.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ WA

Mayfair ni a ń gbé, ní Ilé-Ifẹ̀ níhìn-ín, Ìyá wa àgbà sì wà lọ́dọ̀ wa. Etí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Nítorí náà ni a ṣe so tẹlifíṣọ̀n mọ́ amplifáyà àti sípíkà méjì, kí wọ́n lè máa gbọ́ ìròyìn àti ìwàásù ní pálọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti yí ohùn dé ibi tí Ìyá lè gbọ́, ariwo náà a bá a gòkè. Ẹni tí etí rẹ̀ ṣì dá ṣáṣá lè ṣa ọ̀rọ̀ jáde láàrin ariwo. Àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti ń lọ kò lè ṣe é. Nígbà tí ó yá, Ìyá kò jókòó ní pálọ̀ mọ́. Inú yàrá ni wọ́n ń wà. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n sinmi, ẹ̀yin ọmọ mi. Oyin ti kó sínú ẹ̀rọ yín."

Ní ọjọ́ kan tí a kò sí nílé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún rédíò ṣe yà wá. Ó tú plọ́ọ̀gì amplifáyà, ó gé wáyà kẹta, ó sì dì í padà. Ariwo dákẹ́, gbogbo ilé sì ń yìn ín. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí tí Ìyá ń fi aṣọ nu eruku lára amplifáyà náà, tí wọ́n sì fa ọwọ́ padà kíá. "Nǹkan yìí ń ta mí lọ́wọ́," ni wọ́n wí. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pa àwa lẹ́rìn-ín. A yọ plọ́ọ̀gì náà kúrò lára ògiri, a sì ránṣẹ́ pe bàbá kan tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ iná kí NEPA tó di PHCN ní ọdún 2005.

IṢẸ́ TÍ WÁYÀ ILẸ̀ Ń ṢE

Bàbá náà kọ́kọ́ fi plọ́ọ̀gì hàn wá. Plọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò ní Nàìjíríà, ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1947. Ẹsẹ̀ méjì ni iná 230 fóòtì fi ń wọlé tí ó sì fi ń padà. Ẹsẹ̀ kẹta, tí ó gùn ju àwọn yòókù lọ, ni ti ilẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí ó gùn ni, kí ó lè kọ́kọ́ wọlé kí ó sì kẹ́yìn jáde. Wáyà tirẹ̀, aláwọ̀ ewé tàbí aláwọ̀ ewé òun yẹ́lò, so mọ́ ara irin ẹ̀rọ ní apá kan. Ní apá kejì, ó gba inú ògiri lọ bá ọ̀pá kọ́pà tí a gbá mọ́lẹ̀ ní ìta.

Bí wáyà iná bá bó nínú ẹ̀rọ tí ó sì fara kan irin, iná yóò gba wáyà ilẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ náà bá dára, fíúsì yóò já, ewu yóò sì tán. Bí a bá ti gé wáyà yìí, fíúsì kò ní já. Irin náà yóò máa dúró de ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò kàn án. Kódà nínú ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ rárá, ìwọ̀nba iná kékeré a máa jò sára irin, wáyà ilẹ̀ ni í máa gbé e lọ. Èyí ni ó ta Ìyá lọ́wọ́. Àwọn àgbà wí pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

BÍ A ṢE RÍ ÌDÍ ARIWO

Bàbá dá wáyà ilẹ̀ padà, ariwo sì padà. Wọ́n wá béèrè pé, "Bí ẹ bá yí ohùn sílẹ̀, ṣé ariwo náà ń lọ sílẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní a jẹ́ pé láti ara ohun tí a so mọ́ amplifáyà ni ó ti ń wọlé. Bí kò bá yí padà rárá, inú amplifáyà fúnra rẹ̀ ni ìbá wà, ó sì lè jẹ́ kapásítọ̀ tí ń mú iná dúró déédé ni ó ti gbó. Irú èyí, ẹ má tú u fúnra yín o, nítorí kapásítọ̀ lè mú iná dání lẹ́yìn tí a ti yọ plọ́ọ̀gì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń yọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń dá a padà. Wọ́n yọ ti tẹlifíṣọ̀n kúrò lára amplifáyà: ariwo dákẹ́. Wọ́n dá a padà, wọ́n wá yọ wáyà díìṣì kúrò lẹ́yìn dikódà: ariwo tún dákẹ́. Ni wọ́n bá ní kí a kálọ sí ẹ̀yìnkùlé. Orí òpó irin tí a rì mọ́lẹ̀ ni díìṣì náà wà.

Ìdí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ilẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ wa ní: ọ̀pá kọ́pà ní iwájú ilé, àti òpó díìṣì ní ẹ̀yìnkùlé. Ní ti iná, ilẹ̀ méjèèjì kò ga bákan náà. Ẹ sì mọ̀ pé bí ilẹ̀ kan bá ga ju èkejì lọ, omi kò ní ṣàì ṣàn. Wáyà ohùn tí ó so tẹlifíṣọ̀n mọ́ amplifáyà ni ó wá di gọ́tà tí iná náà ń gbà kọjá. Iná wa a máa lọ a máa bọ̀ ní ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Lílọ bíbọ̀ yìí ni etí ń gbọ́ bí ẹni pé oyin ń kùn.

Nísinsìnyí ni ó yé wa ìdí tí ilé fi dákẹ́ nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gé wáyà. Lóòótọ́ ni ó dí gọ́tà náà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀nà méjì tí ó wà, èyí tí ń ṣọ́ ẹ̀mí ni ó dí.

OHUN TÍ A ṢE

Bàbá fa wáyà nínípọn láti ara òpó díìṣì lọ bá ọ̀pá kọ́pà, kí ilẹ̀ méjì lè di ọ̀kan. Wọ́n kó plọ́ọ̀gì tẹlifíṣọ̀n, dikódà àti amplifáyà sí orí sọ́kẹ́ẹ̀tì ògiri kan ṣoṣo. Wọ́n ya wáyà ohùn kúrò lára wáyà iná. Níbi tí wọn kò ti lè yà á, wọ́n mú kí ọ̀kan dábùú èkejì. Ariwo lọ sílẹ̀ gan-an. Fún ìyókù, wọ́n fi tiransifọ́mà kékeré kan sí ààrin wáyà ohùn. Wáyà inú rẹ̀ ní apá méjèèjì kò kan ara wọn; agbára mágínẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbé ohùn kọjá, iná ilẹ̀ kò sì rí ọ̀nà gbà. Ìyá ti padà sí àga wọn ní pálọ̀.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ ÀTI FÚN ÌJỌ

Ọ̀pọ̀ yàrá tí a ń háyà ni sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ní ihò mẹ́ta, ṣùgbọ́n tí kò sí wáyà ilẹ̀ lẹ́yìn ihò kẹta. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná tí ó mọ iṣẹ́ wò ó. Ní àkókò ọyẹ́ pàápàá, tí ilẹ̀ bá gbẹ, ọ̀pá kọ́pà kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Bí ó bá sì jẹ́ pé orí ínfátà olówó pọ́ọ́kú nìkan ni sípíkà yín ti ń kùn, ó lè jẹ́ pé irú iná tí ínfátà náà ń mú jáde ni ó fà á, kì í ṣe wáyà ilẹ̀.

Ẹ̀yin olórin ìjọ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju ti ilé lọ, nítorí ẹ̀ ń di gìtá mú, ẹ sì ń fi ẹnu kan máìkì. Ní oṣù May ọdún 1972, ní ìlú Swansea ní ilẹ̀ Wales, Les Harvey tí ó ń ta gìtá fi ọwọ́ kan máìkì tí kò ní ilẹ̀ tí ó dára. Iná gbé e lórí pèpéle, ó sì kú. Ẹ jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù, gìtá àti amplifáyà máa gba iná láti ojú kan, kí ilẹ̀ wọn lè jẹ́ ọ̀kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá bá yín pẹ̀lú ọ̀bẹ, tí ó ní òun yóò gé ẹsẹ̀ kẹta kí ariwo lè dákẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó sàn kí sípíkà máa kùn títí di ọ̀la tí ẹni tí ó mọ ìdí rẹ̀ yóò fi dé.