Ọmọ Tí Mo Fi Ṣẹ̀sín Ní Kíláàsì

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe ní Ajégúnlẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ogun Hítílà, mo sì ń sọ ti àwọn ará wa tó lọ jà ní Bọ́mà. Ọmọkùnrin kan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ alábàárù ní wọ́ọ̀fù Àpápá, dìde, ó ní: “Sà, bàbá àgbà mi sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú wà nínú ọkọ̀ òfúrufú tó lọ ju bọ́ǹbù sí Jámánì.”

Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Mo ní, “Níbo ni bàbá àgbà rẹ ti rí ọkọ̀ òfúrufú? Ẹsẹ̀ ni àwọn tiwa fi jagun.” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ọmọ náà kò nawọ́ sókè mọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo ka ìtàn Johnny Smythe. Ọmọ Freetown ni, 1915 ni wọ́n sì bí i. Ṣáájú ogun náà, àwọn ọmọ ogun òfúrufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba aláwọ̀ dúdú. Ogun ló fọ́ òfin yẹn ní 1939. Smythe wọlé, ó di ẹni tí ń wo máàpù, tí ń fi ọ̀nà han awakọ̀ lóru. Iṣẹ́ ọpọlọ nìyẹn, èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀! Ní oṣù kọkànlá 1943 ni wọ́n yìnbọn já ọkọ̀ wọn lulẹ̀. Ó fara gbọgbẹ́, ó sá sí abà kan, wọ́n sì mú un. Ó ní ńṣe ni àwọn tó mú un kàn dúró tí wọ́n ń wò ó: ọ́físà dúdú kẹ̀? Àhámọ́ ló wà títí àwọn ará Rọ́ṣíà fi dé ní 1945.

Lẹ́yìn ogun, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Òun ni ọ̀gá tó bá ọkọ̀ Windrush rìn ní 1948 láti dá àwọn ọmọ ogun padà sílé. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́yà, ó di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Sàró, wọ́n fi oyè OBE dá a lọ́lá, ó sì kú ní 1996.

Ti Èkó wa ńkọ́? Peter Thomas di ọ́físà níbẹ̀ ní 1942. Jàǹbá ọkọ̀ òfúrufú ló pa á ní 1945. Òun àti Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ tó di adájọ́ májísíréètì nílẹ̀ wa, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n. Akin Shenbanjo náà gba àmì ẹ̀yẹ akọni, DFC. Nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ “Black Prince” sára ọkọ̀ wọn.

Mo wá ọmọ náà lọ. Ẹlòmíràn ló ń gbé yàrá wọn. Mo dé wọ́ọ̀fù, mo bi àwọn alábàárù. Ọ̀kan ní wọ́n ti kó lọ sí ọ̀nà Badagry, bàbá àgbà sì ti kú. Ìyẹn dùn mí jù.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá mọ ọmọkùnrin kan tó máa ń bá ìyá rẹ̀ kiri búrẹ́dì láàárọ̀ ní Ajégúnlẹ̀ nígbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé òun ló jàre. Ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí mi. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ bàbá àgbà rẹ̀ síbẹ̀, mo sì fi bírò pupa fagi lé e. Mo ti fún un ní máàkì rẹ̀ báyìí.