Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Rélùwéè

Inú mi máa ń dùn tí iṣẹ́ ojú irin bá dúró. Láti 2010 ni wọ́n ti ń hú àárín títì Àgbádárìgì wa, wọ́n ní rélùwéè máa gbéra ní Marina, á sì dé Òkòkomáíkò, kìlómítà 27. Tí mo bá ń wa danfo kọjá ní Ìyànà-Ìbà, tí n ò rí òṣìṣẹ́ kankan, màá tẹ hóònù. Kọ̀ńdọ́ mi rò pé èrò ni mò ń pè.

Bàbá mi wa mólúè. Òun ló sọ fún mi pé Gómìnà Jakande ti dá irú rẹ̀ lé ní 1983, tí ìjọba ológun fi wọ́gi lé e ní 1985. Mo gbà pé eléyìí náà á wọmi.

Kò wọmi. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, 2023, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Òkòkomáíkò sí CMS lẹ́bàá Marina ni mò ń ná nígbà náà, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni, dẹlífárì tí mò ń san fún un sì pọn dandan lálaalẹ́, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dé Mile 2 báyìí, "Ó wà o!" Èrò á máa bọ́ sílẹ̀, káàdì Cowry lọ́wọ́. Náírà 375 ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

Ìjọba ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹsẹ̀ bọ ojú irin, pé iná ń gba ara irin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òótọ́ ni. Èmi wá bu iyọ̀ tèmi sí i: mo sọ fún àwọn èrò mi pé iná ọ̀hún máa ń gbé ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀, pàápàá tí òjò bá rọ̀. Ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan di ọwọ́ mi mú. "Dẹ́rẹ́bà, ọmọ mi, Ọlọ́run ló ní kí n bá ọ pàdé." Ó fún mi ní ẹja kan. Mo jẹ ẹ́. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Orílé mú wa fún wákàtí méjì lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè mí pé ara ẹ̀gbọ́n mi kò yá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo pa danfo tì sí Mile 2, mo fa fìlà bojú, mo wọ rélùwéè. Ẹ̀rù iná kọ́ ló bà mí, ẹ̀rù kí ojúgbà mi má rí mi ni. Ogún ìṣẹ́jú, ó pọ̀ jù, mo ti wà ní Marina.

Mile 2 sí Òkòkomáíkò ni mò ń ná báyìí. Àwọn tó bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè nírọ̀lẹ́ ló ń kún ọkọ̀ mi. Òun ló ń bọ́ mi. Wọ́n sì ti ń ṣe apá kejì bọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa. Àdúrà tí mò ń gbà lé iṣẹ́ yẹn lórí, n kò lè gbà á sókè níwájú ìjọ.

Mo tún rí ìyá ẹlẹ́ja lóṣù tó kọjá, nínú danfo CMS ẹlòmíràn, agbọ̀n lórí itan. Ó juwọ́ sí mi, ó ń pariwo, "Dẹ́rẹ́bà mi!" Mo tẹ hóònù, mo kọjá.