Boribana: Níbi tí Wọ́n ní Eré Sísá ti Parí

Ẹni tó bá wọ gbàkà ní Adjamé, ìyẹn bọ́ọ̀sì kékeré tí àwọn ará Abidjan fi ń rìn káàkiri ìlú, tó sì sọ fún ọmọ ọkọ̀ pé Attécoubé lòun ń lọ, kò ní í pẹ́ tí yóò fi rí omi ọ̀sà níwájú rẹ̀. Létí ọ̀sà náà, lórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ sínú omi, ni Boribana wà. Pákó àti páànù ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbẹ̀ nígbà kan. Ilé fara ti ilé débi pé bí èèyàn méjì bá pàdé láàrin wọn, ọ̀kan ní láti fẹ̀gbẹ́ rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni katapílà ìjọba wọlé, tí wọ́n sì wó ilé rẹpẹtẹ níbẹ̀.

Orúkọ àdúgbò náà ló fà mí débẹ̀. Èdè Dioula ni, èdè tí àwọn oníṣòwò fi ń ná ọjà káàkiri Abidjan. Bori ni eré sísá. Bana ni pé ó ti tán. Eré sísá ti parí! Nígbà tí mo dúró tí mo wo iwájú, mo rí i pé orúkọ náà bá ibẹ̀ mu: ẹni tó bá sá láti ọ̀nà jíjìn tó wá kan omi, ibo ló tún kù tí yóò sá sí? Ṣùgbọ́n katapílà kò gbọ́ Dioula. Àwọn tí wọ́n rò pé àwọn ti fìdí kalẹ̀ tún di ẹrù wọn.

Ẹ má rò pé orúkọ ilẹ̀ nìkan ló ń dààmú èèyàn ní Côte d'Ivoire o. Orúkọ ìdílé ti da àlàáfíà ibẹ̀ rú rí. Lẹ́yìn tí Henri Konan Bédié di ààrẹ lọ́dún 1993, ọ̀rọ̀ kan gbòde tí wọ́n ń pè ní ivoirité, ìyẹn ni pé kí wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ gidi. Ojú orúkọ ni ọ̀pọ̀ wá fi ń wo ara wọn. Ouattara, Koné àti Coulibaly wà ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, wọ́n wà ní Mali, wọ́n sì wà ní Burkina Faso, nítorí àwọn ìdílé náà ti wà kí òyìnbó tó fa ààlà. Síbẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ bí bàbá rẹ̀ ní Côte d'Ivoire, wọ́n lè pè é ní àlejò. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2002, ohun tí wọ́n kọ sórí káàdì lè kó bá èèyàn níbi tí àwọn ológun ti ń yẹ ọkọ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ náà kò yọ tiwa sílẹ̀. Anágó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Láti ayé àwọn amúnisìn ni àwọn èèyàn Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìwó ti ń lọ ṣòwò níbẹ̀; ní Èjìgbò títí dòní, ẹ óò gbọ́ Faransé lẹ́nu arúgbó tí kò rí ilé ìwé rí. Nínú àṣà wa, oríkì orílẹ̀ la fi ń mọ ara wa: Olúòjé, Òpómúléró, Oníkòyí. Akọ̀wé ìjọba kò ní àyè fún oríkì nínú ìwé tirẹ̀. Orúkọ kan ṣoṣo tí bàbá àti ọmọ yóò jọ máa jẹ́ ló fẹ́, bó bá sì ti kọ ọ́ lọ́nà Faransé, Olú di Olou, Ṣẹ́gun di Chégoun, Àjàyí di Adjayi. Ọmọ ìyá méjì, tí ọ̀kan gba ìwé ní Nàìjíríà tí èkejì gbà á ní Abidjan, ìwé lè sọ wọ́n di àjèjì síra wọn.

Àjàyí tí mo dárúkọ yìí ló rán mi létí Àjàyí kan tí orúkọ ìdílé òyìnbó gùn lé lórí. Òṣogùn ni wọ́n ti mú un lẹ́rú lọ́dún 1821. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà, títí ó fi bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí l'Ékòó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gba ọkọ̀ ẹrú náà lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1825, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, ó sì gba orúkọ àlùfáà kan tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Christ Church, Newgate, ní London: Samuel Crowther.

Kí wá ni Crowther? Orúkọ iṣẹ́ ni, gẹ́gẹ́ bí Smith ti jẹ́ alágbẹ̀dẹ, tí Taylor sì jẹ́ aránṣọ. Láyé àtijọ́, ohun èlò orin olókùn kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, crowd tàbí crwth ni wọ́n ń pè é. Ọrun ni wọ́n fi ń ta á, bí a ti ń ta gòjé. Ẹni tó ń ta á ni Crowther. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ bàbá sílẹ̀ fún ọmọ, ọmọ onígòjé ń jẹ́ Onígòjé, bí kò tilẹ̀ mọ okùn kan ta. Agbègbè Yorkshire, níbi tí wọ́n ti ń fi irun àgùntàn hun aṣọ, ni orúkọ náà ti gbilẹ̀ gan-an. Ẹ wá wò ó: ọmọ Òṣogùn di Onígòjé ọmọ òyìnbó, kò sì sí ẹ̀jẹ̀ kankan tó pa wọ́n pọ̀.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Abigail, fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ọ̀gá àkọ́kọ́ fún CMS Grammar School tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1859. Orúkọ òun náà bá ti òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì kan mu láìku síbì kan. Bàbá òpìtàn náà, Zachary Macaulay, sì ti ṣe gómìnà ní Sàró rí. Erékùṣù Lewis ní Scotland ni ìdílé tiwọn ti ṣẹ̀ wá, níbi tí àwọn atukọ̀ láti Norway ti tẹ̀dó sí láyé àtijọ́. Ọmọ Olaf ni Macaulay túmọ̀ sí. Orúkọ tí Herbert Macaulay wá fi bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà l'Ékòó títí ó fi kú lọ́dún 1946 nìyẹn. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1894, David Brown Vincent, oníwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi, bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀, ó sì di Mojọlá Agbébí. Crowther kò bọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé Àjàyí. Ó fi í sáàrin orúkọ méjèèjì, ó sì ń kọ ọ́ ní Adjai, tó fara jọ bí akọ̀wé Faransé yóò ti kọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, òun àti ìyá rẹ̀ pàdé l'Ábẹ́òkúta. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ìyá náà ń gbọ̀n bó ti di òun lọ́wọ́ mú, ó sì ń pe òun ní àwọn orúkọ tí ìyá òun àgbà máa ń pe òun nígbà èwe. Kò sí Crowther nínú wọn.

Nígbà tí mo padà sí Adjamé, mo bi ìyá Anágó kan tó ń tajà níbẹ̀ bóyá ó mọ ibi tí àwọn ará Boribana wọlẹ̀ sí. "Wọ́n ti fọ́n ká, ọmọ mi," ni ìyá dá mi lóhùn. "Òmíràn wà ní Yopougon, òmíràn ti gba Abobo lọ." Ó wò mí lójú, ó ní, "Ìwọ ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́?" Mo sọ orúkọ ìdílé mi fún un, bó ti wà nínú ìwé ìrìnnà mi. Ó mi orí pé òun kò mọ̀ ọ́n. Mo wá dárúkọ ìlú wa àti agboolé wa. Ìyá gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki mí.