Kí Ọmọdé Tó Fọwọ́ Kan Kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí kò bá sí iná àti kọ̀ǹpútà, a kò lè kọ́ ọmọ kékeré ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Èrò tiwa yàtọ̀. Ohun tí ìmọ̀ náà kọ́kọ́ ń béèrè ni kí ènìyàn lè to àṣẹ lẹ́sẹẹsẹ, láìfo ọ̀kan. Iṣẹ́ èdè sì nìyẹn.

Ní ọdún 1967, ní Amẹ́ríkà, Seymour Papert, Cynthia Solomon àti Wallace Feurzeig ṣe Logo fún àwọn ọmọdé. Nígbà tó yá, ìjàpá kan dé inú rẹ̀ tó ń rìn bí ọmọ bá ṣe pàṣẹ. Ìjàpá inú àlọ́ wa gbọ́n ju olówó rẹ̀ lọ. Ti Logo kò gbọ́n rárá, ohun tí a bá wí nìkan ló ń ṣe. Àwọn elédè Faransé yí àṣẹ rẹ̀ sí èdè tiwọn: AV fún «avance», TD fún «tourne à droite».

Nígbà ìsinmi, a gbé eré yìí tọ àwọn ọmọ ọdún méje sí mẹ́sàn-án lọ ní Kétu, láìmú kọ̀ǹpútà dání. Ọ̀kan di ìjàpá, àwọn yòókù ń pàṣẹ kó lè dé ìdí máńgòrò. «Lọ sídìí máńgòrò!» Ìjàpá dúró, kò mọ máńgòrò. «Síwájú, ẹsẹ̀ márùn-ún!» Ó rìn. «Yà sọ́tùn-ún!» Ó yà, ó sì ń lọ títí ó fi kan ògiri. Ariwo sọ. Wọ́n ní ó ti ṣe àṣejù. Ó fèsì pé ẹni tó bá yà síbì kan ti gba ibẹ̀ lọ nìyẹn. Òótọ́ ni: «yà» ní ìrìn nínú, TD kò ní. Àwọn ọmọ fúnra wọn ló mú «kọjú sọ́tùn-ún» wá, wọ́n sì fi «bí o bá kan ògiri, dúró» kún un. Irú gbólóhùn «bí… bá» yìí ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò lójoojúmọ́.

Ní kíláàsì, «écran», «clavier», «souris» ni wọ́n ń há sórí. Ó dára, Faransé yóò wúlò fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ orúkọ ẹ̀yà ara ẹṣin kò tíì mọ ẹṣin gùn. Ọmọ tó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí «yà» ti gun ẹṣin náà.

Ta ni yóò wá to àwọn ọ̀rọ̀ àṣẹ wọ̀nyí jọ, bí kì í bá ṣe àwa? Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́, báwo ni àwọn ọmọ yín ṣe ń sọ «kọjú sí»? Ẹ bi wọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa.