Fọ́: Ọ̀rọ̀ Kékeré Tí Ó Gbòòrò

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan ń gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, bọ́ọ̀lù sì lọ ba àmù omi ìyá àgbà. Ìyá tí kò ríran mọ́ béèrè láti inú yàrá pé, "Kí ni ó dún un nì?" Ẹ̀rù ba ọmọ. Ó ní, "Àmù ló ya díẹ̀, Màmá."

Ìyá dáhùn pé, "Àmù kì í ya. Aṣọ ní í ya. Sọ ohun tí o ṣe."

Ọmọ dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, mo fọ́ ọ ni."

Ìyá yìí mọ èdè rẹ̀. Lédè Yorùbá, ohun kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀nà tí ó ń gbà bàjẹ́. Okùn a máa já, ìwé a máa ya, igi a máa dá, ògiri a máa wó. Ṣùgbọ́n ìkòkò, àwo, ẹyin àti dígí, fífọ́ ni wọ́n ń fọ́. Sílébù kan ni ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, ohùn òkè ni ó sì ní. Fọ̀, tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀, a máa gba ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e: "ó fọ àwo." Ẹ wo bí àmì kan ṣoṣo ti ya àwo tí ó mọ́ kúrò lára èyí tí ó di àpáàdì!

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí ìkòkò. Orí a máa fọ́ni. Olè a máa fọ́ ilé. Ogun a máa fọ́ ìlú. Ní 1821, ogun fọ́ Òṣoògùn, wọ́n sì mú ọmọ kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú. Òun ni ó di Samuel Ajayi Crowther, tí ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ẹni tí ogun fọ́ ìlú rẹ̀ ni ó ṣa ọ̀rọ̀ èdè rẹ̀ jọ.

A tún fi mọ́fíìmù a- kún fọ́ àti ojú, a rí afọ́jú. Orúkọ yìí ni àwọn ọmọ àdúgbò fi ń pe ìyá náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, "Àmù ni ó fọ́. Tèmi kò fọ́, ilẹ̀ ló ṣú bá mi." Ọmọ kò pe orúkọ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Ó ṣa àfọ́kù náà jọ. Ìyá ní kí ó fi èyí tí ó tóbi jù pamọ́: àpáàdì ni ó tó ko iná lójú.