Ta Ni Yóò Ṣe Ìyá Rẹ̀ ní Akúrẹ́?

Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Akúrẹ́ gba ìlú Oǹdó kọjá, ó dé Òrè tí ọ̀nà Èkó àti ọ̀nà Bìní ti pàdé, ó sì yà sí apá gúúsù, ó kọrí sí Òkìtìpupa. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀pẹ ni ojú ń rí lọ́tùn-ún lósì. Ní Òkìtìpupa, mo bọ́ sílẹ̀, mo gun ọ̀kadà, kò sì pẹ́ tí mo fi dé Ìkọ̀yà, ìlú Abodi, ọba ilẹ̀ Ìkálẹ̀.

Ilé àbúrò ìyá mi ni mo ń lọ, òun ló sì ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló sọ pé bọ́ọ̀lù ni òun fẹ́ máa gbá. Ó ti gbọ́ pé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan wà ní Akúrẹ́, Sunshine Queens, ó sì ní bí òun bá ti jáde ìwé mẹ́wàá, ibẹ̀ ni òun ń lọ. "Ìwọ lo kàwé," ni ìyá rẹ̀ wí fún mi lórí fóònù. "Ọmọ yìí máa ń gbọ́ tìrẹ. Wá bá mi sọ fún un kó fara balẹ̀."

Mo jẹ́ iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò sọ. Èmi náà gbá bọ́ọ̀lù rí. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta ilé-ẹ̀kọ́ girama, èmi ni aṣọ́lé fún àwọn obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àgbàlagbà kan nínú ẹbí sọ níṣojú gbogbo ilé pé ẹsẹ̀ mi yóò le bíi ti ọkùnrin, pé ta ni yóò wá fẹ́ mi? Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Èmi náà kò dá a lóhùn. Ní ọjọ́ kejì, mo fa ìbọ̀wọ́ mi lé ọmọ aládùúgbò lọ́wọ́.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, mo tẹ̀lé ọmọ náà lọ sí pápá. Pápá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, yanrìn pọ̀ ju koríko lọ, ọparun ni wọ́n sì fi ṣe òpó ilé méjèèjì. Ọkùnrin pọ̀ níbẹ̀, obìnrin kò ju márùn-ún lọ. Àbúrò mi bọ́ bàtà, ó dúró sí apá ọ̀tún. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù bí àwọn yòókù. Yóò kọ́kọ́ wò, yóò tún wẹ̀yìn wò, bí bọ́ọ̀lù bá sì fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti mọ ẹni tí yóò gbé e fún. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Àwọn bàbá tó jókòó lábẹ́ igi kò pariwo sí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé òun ni ojú wọn ń tẹ̀lé kiri.

Ní alẹ́, a jẹ pupuru pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja. Pupuru ni àbúrò ìyá mi ń ṣe tà. Yóò rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, yóò fún un, yóò mọ ọ́n roboto, yóò sì tò ó sórí iná kí èéfín lè gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ha èèpo dúdú ara rẹ̀ dànù kó tó lọ̀ ọ́. Owó iṣẹ́ yìí ló fi ń rán ọmọ náà nílé ìwé. Nígbà tí ọmọ wọlé lọ sùn, ó kọjú sí mi.

"Èmi kò bá bọ́ọ̀lù jà," ó ní. "Ṣùgbọ́n bó bá dé Akúrẹ́, ta ni yóò ṣe ìyá rẹ̀? Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, ta ni yóò gbé e lọ sí ọsibítù? Bí wọn kò bá sanwó, ta ni yóò bọ́ ọ?"

Èsì tí mo ti tò sílẹ̀ láti Akúrẹ́ pọ̀: obìnrin lè ṣe ohun tí ọkùnrin ń ṣe, ayé ti là. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó dáhùn ìbéèrè yìí.

Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó rí i pé ìbéèrè àbúrò ìyá mi gan-an ló ń tẹ̀lé wọn kiri. Ní ìlú Preston nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́bìnrin ilé-iṣẹ́ tó ń rọ ohun ìjà dá ẹgbẹ́ Dick, Kerr Ladies sílẹ̀ ní 1917. Ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì ọdún 1920, ènìyàn 53,000 ló wá wò wọ́n ní pápá Goodison Park ní Liverpool. Ọdún kan kò tíì pé tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é, ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá 1921, pé kí ẹgbẹ́ kankan lábẹ́ òun má ṣe fún obìnrin ní pápá mọ́. Wọ́n ní eré náà kò yẹ obìnrin. Ó tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí òfin náà tó kúrò.

Nílẹ̀ wa, Ọmọba Bọ́lá Jẹ́gẹ́dẹ́ fi orúkọ àti àpò ara rẹ̀ dúró fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Jegede Babes, wà lára àwọn tó fi ẹsẹ̀ ìdíje obìnrin múlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nígbà tí Ife Àgbáyé obìnrin àkọ́kọ́ wáyé ní Ṣáínà ní 1991, Nàìjíríà nìkan ló ṣojú Áfíríkà, kò sì sí èyí tí a kò lọ láti ìgbà náà títí di 2023. Ṣùgbọ́n àpò ẹnìkan kì í gbé ẹrù títí láé. A kì í gbọ́ orúkọ Jegede Babes nínú líìgì mọ́.

Ní Gúúsù Kòríà, ilé-iṣẹ́ irin ńlá kan ló wà lẹ́yìn ẹgbẹ́ Incheon Hyundai Steel Red Angels. Láti 2013 títí di 2023, ọdún mọ́kànlá léraléra, àwọn ni wọ́n gba ife líìgì. Wọ́n mọ bọ́ọ̀lù gbá, àmọ́ ẹni tó ń gbọ́ bùkátà wọn kò yẹsẹ̀.

Ti Akúrẹ́ wà láàárín méjèèjì. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ni Sunshine Queens, bó ṣe ni Sunshine Stars ti àwọn ọkùnrin, inú ìnagijẹ ìpínlẹ̀ wa sì ni wọ́n ti mú oòrùn tó wà nínú orúkọ wọn. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í kú tẹ̀lé ẹnìkan, ṣùgbọ́n ó ní láti máa wo ọwọ́ ìjọba kó tó jẹun. Ibẹ̀ ni Olúwatósìn Demehin gbà kọjá. Ó lọ sí Rivers Angels ní Port Harcourt, ó sì ti ibẹ̀ dé Reims ní Faransé. Nínú Ife Àgbáyé 2023, ó wà lára àwọn tó dúró lẹ́yìn fún Nàìjíríà. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tí a gbá, mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni kò ti rí góòlù gbá wọlé wa, kí pẹ̀nárítì tó lé wa padà sílé.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò ìyá mi. Mo sọ èyí tó korò pẹ̀lú. Ní oṣù Kejìlá 2016, Super Falcons gba ife Áfíríkà ní Kamẹrúùnù. Nígbà tí wọ́n dé Àbújá, wọ́n ní àwọn kò ní kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì àfi bí wọ́n bá rí owó wọn gbà, wọ́n sì wọ́de lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìyá náà mi orí. "Ó dáa tí o kò fi pamọ́ fún mi," ó ní.

Mo wá dárúkọ Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, tó ti sọ ní gbangba pé àwọn òbí òun kò fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù.

"Ta ló wá dúró fún un?"

"Ìyá rẹ̀ àgbà ni, mà."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ fún un pé èmi náà ṣọ́lé rí. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Mo bá ọ fọ ìbọ̀wọ́ náà lẹ́ẹ̀kan." Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. "Mo wà níjókòó lọ́jọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà kò dá a lóhùn."

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mélòó nínú wa ló ti fi nǹkan sílẹ̀ nítorí pé gbogbo ilé dákẹ́? Iyàrá kan ni mo ní ní Akúrẹ́, bẹ́ẹ̀ ni owó ìwé kíkọ kò pọ̀. Síbẹ̀, mo sọ fún un pé bí ọmọ náà bá ti ṣe WAEC tán, kó wá fi ara rẹ̀ hàn àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá, ọ̀dọ̀ mi ni kó dé sí. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yẹ̀, èmi ni yóò gbé e lọ sí ọsibítù. Bí wọn kò bá gbà á, èmi ni yóò mú un padà wálé.

Kò dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní ilẹ̀ ti ṣú.

Ní òwúrọ̀, ó di pupuru fún mi, ó sì sìn mí dé ẹ̀bá ọ̀nà. Bí mo ṣe ń gun ọ̀kadà, ó bi mí ní èló ni wọ́n ń gbà láti Òkìtìpupa dé Akúrẹ́. Mo sọ fún un.

"Tàlọtàbọ̀ nìyẹn?" ó ní.

Mo ní rárá, àlọ nìkan ni.

"Sọ tàlọtàbọ̀ fún mi."