Abà Wa Létí Kétu

Bí oṣù kẹjọ bá dé, tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, tí àwọn ọmọ gba ìsinmi, abà kékeré tí ẹbí wa ní létí Kétu a máa kún. Àwọn ọmọ ń bó àgbàdo, àwọn ìyá ń sá a, àwa ọkùnrin ń roko sílẹ̀ de àgbàdo ẹ̀ẹ̀kejì.

Ṣùgbọ́n kòtò omi ló gbà wá lọ́kàn jù. Omi ilẹ̀ Kétu jìn púpọ̀. Omi òjò orí páànù la fẹ́ máa gbà pamọ́. A ti gbẹ́ kòtò náà kọjá orí ọkùnrin. Ó ku ká fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ inú rẹ̀. (Sìmẹ́ǹtì mà wọ́n o!) Oṣù kẹsàn-án ni òjò yóò padà. Bí kò bá bá kòtò ní ṣíṣetán, ìyàwó àbúrò wa, tó wà nínú oyún, ni yóò tún máa pọnmi láti ọ̀nà jíjìn títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá.